Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ Wo Lẹ Ń Sọ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwa ará Èkó ń pè ní "ọ̀nà Ẹ̀pẹ́", a kì í sì í dúró sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ó ti kó bá mi rí. Mo wọ ọkọ̀ ní Ọbáléndé, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù pé mo ti wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ìyá múra, wọ́n lọ jókòó dè mí níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ ti ń já èrò. Èmi sọ̀kalẹ̀ ní T-Junction, ìkóríta tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kì. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó fojú kan ara wa, fóònù Ìyá sì ti kú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lo ní o gbà."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà ni mo gbà."

"Ọ̀nà Lẹ́kì nìyẹn. Èwo ni ti Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀?"

Ìyá ò ṣìwí. Fún ẹni tó dàgbà sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Èkó ni èyí tó gba Ìtòìkín lọ sí Ìkòròdú, tó wá ti Ìkòròdú wọ ìgboro. Èyí tó gba Ajah àti Lẹ́kì, ọ̀nà tuntun ni lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n là á. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń da kọnkéré sí létí òkun báyìí, tí gbogbo ayé ń pè ní coastal road. Nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń gbọ́ tí èèyàn ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ọ̀kan: wọn á ní Tinubu ló ń ṣe ọ̀nà Lẹ́kì, wọn á ní tóògéètì ti ìjọba àpapọ̀ ni, wọn á ní Jákàńdè ló bẹ̀rẹ̀ coastal. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Kí ọ̀nà kankan tó wà, orí omi la ń gbà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó lọ́dún 1851 tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ọ̀sà ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ní òun ò ní bá wọn du Èkó mọ́, àwọn náà gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kì. Lẹ́kì inú ìwé yẹn kì í ṣe Lẹ́kì Phase 1, ẹsíteètì ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, o. Ìlú Lẹ́kì gan-an wà lọ́hùn-ún, létí òkun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, ẹni tó bá kúrò ní Phase 1 tó ń lọ síbẹ̀ á rìn kó tó dé. Orúkọ ìlú kékeré yẹn ni wọ́n fi ń pe gbogbo ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, àwọn tó ń ta ẹsíteètì sì gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ Victoria Island. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé Lẹ́kì fi lè má dé Lẹ́kì rí láyé rẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí èèyàn tó láyé ìgbà kan? Lọ́dún 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kúrò láàárín èrò, ìlú Lẹ́kì ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Ibi tí èèyàn ò ti ní rọ́nà yọjú sí ọ ni wọ́n wá, wọ́n sì rí i. Ilé náà ti di ibi ìṣẹ̀m̀báyé báyìí.

Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹja, ẹ̀pà, gàrí àti èèyàn láti Ẹ̀pẹ́ wọ Èkó. Ọjà Èjìnrìn tó wà létí ọ̀sà ni àwọn Ìjẹ̀bú ti ń pàdé àwọn ará Èkó, ọjà ńlá ni nígbà tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi, Èjìnrìn rọ. Ọ̀nà tó gba Ìtòìkín ló kọ́kọ́ gba ipò omi, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀: ó gba ẹ̀yìn ọ̀sà, lápá àríwá, ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò ní omi púpọ̀ lábẹ́. Ó dára fún ẹni tó ń lọ sí Ìkòròdú. Ẹni tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́? Yóò yí ọ̀sà po kó tó dé.

Ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, ló la èyí tó gba apá gúúsù. Tí a bá wo àwòrán ilẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe hàn kedere. Ọ̀sà wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀ tóóró kan wà láàárín, ọ̀nà náà sì ń tọ àárín yẹn lọ sí ìlà-oòrùn títí yóò fi ré omi kọjá wọ Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, igbó ló kún un, àwọn abúlé apẹja àti àgbẹ̀ ló wà káàkiri inú ẹ̀.

Àwọn abúlé yẹn ni kọ́ńdọ́ ń kígbe láràárọ̀ láìmọ̀ pé abúlé ni wọ́n. Ẹ fetí sí wọn: Ìkàtẹ́, Ìlàsán, Ìgbó-Ẹfọ̀n, Ọ̀sápá, Ìkọ̀tá, Ajah, Ṣàngótẹ̀dó, Awóyáyà, Lákọwẹ̀, Ẹlẹ́kọ. Ìgbó-Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ ti sọ irú ẹran tó wà níbẹ̀ kí ilé alájà mẹ́rin tó dé. Ṣàngótẹ̀dó náà sọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ọ̀nà kì í dá abúlé sílẹ̀. Ó máa ń sọ abúlé di bọ́sítọ́ọ̀bù ni, lẹ́yìn náà ni ẹsíteètì á gba orúkọ rẹ̀, tí ọmọ onílẹ̀ á wá máa bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun di àlejò. Àwọn kan ò tilẹ̀ ráyè di bọ́sítọ́ọ̀bù. Oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà gan-an, bí ẹ bá ti ń kúrò ní Victoria Island. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbé ibẹ̀.

Bọ́sítọ́ọ̀bù mìíràn sì wà tí ohun tó ń jẹ́ ti kúrò nílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "rándabáòtù kejì", "rándabáòtù kẹta". Àlejò á máa wo ọ̀tún wo òsì, kò ní rí rándabáòtù kankan. Nígbà ìjọba Akínwùnmí Àḿbọ̀dé ni wọ́n hú wọn, tí wọ́n fi iná tó ń darí ọkọ̀ rọ́pò wọn. Orúkọ kò tẹ̀ lé wọn lọ. Àwa ṣì ń sọ̀ níbẹ̀. "Rándabáòtù kẹta, ó wà o!" Dẹ́rẹ́bà á sì dúró.

Ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìyẹn náà ń da èèyàn láàmú. Láti Bonny Camp àti Law School, Ozumba Mbadiwe ni títì ń jẹ́. Ẹ̀yìn tóògéètì Admiralty ló ti wá di Lẹ́kì–Ẹ̀pẹ́. Títì kan náà ni, táyà ò mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kọ àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ta ló wá ni ín? Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù nìyí, ọ̀rọ̀ "márosẹ̀" ló sì ń tan èèyàn. A ti gbọ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a mọ̀ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí náà a rò pé gbogbo márosẹ̀ ló jẹ́ tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó àti bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó lórí ẹ̀ ni márosẹ̀ ń sọ, kì í sọ ẹni tó ni ín. Ìwé ìjọba ló ń sọ ìyẹn, ó sì pín ọ̀nà sí oríṣi mẹ́ta. Trunk A jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ tàbí tó lọ sí ibodè. Trunk B jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ó so ìlú mọ́ ìlú lábẹ́ gómìnà kan ṣoṣo. Trunk C ni ti káńsù, títì àdúgbò àti ọ̀nà oko. Ìgbà kan sì wà láàárín àwọn ọdún 1970 tí ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ọ̀nà kan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, wọ́n pe ìyẹn ní Trunk F, ó sì tún da nǹkan rú díẹ̀ sí i.

Ọ̀nà Lẹ́kì–Ẹ̀pẹ́ kò kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó rárá, ìpínlẹ̀ ló là á, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Tí ẹ bá rí kòtò níbẹ̀, ẹ má ṣe bú mínísítà ní Àbújá, Aláúsá, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ni kí ẹ kọjú sí. Àmọ́ ẹni tó kúrò ní Oṣòdì láàárọ̀, tó gba afárá Third Mainland, orí ohun ìní ìjọba àpapọ̀ ló ti ń sáré, nítorí wọ́n ló ni afárá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i lọ́dún 1990. Tó bá bọ́ sílẹ̀ tó gba Ozumba, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Tó bá yà wọ àdúgbò rẹ̀ ní Ìlàsán, káńsù ló kàn. Wákàtí kan ààbọ̀, ìjọba mẹ́ta, kò sí pátákó kan lójú ọ̀nà tó sọ fún un.

Pátákó tó tilẹ̀ wà pàápàá lè tan yín, nítorí ẹni tó ń ṣe ọ̀nà lè má jẹ́ ẹni tó ni ín. Ẹ wo ọ̀nà Badagry: ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ó lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2009, tó sì fi ọ̀nà rélùwéè aláwọ̀ búlúù sí àárín rẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, kó wá máa béèrè owó náà lọ́dọ̀ wọn, owó lè dé, ó sì lè má dé. Tí ẹ bá ń gbọ́ tí gómìnà àti mínísítà ń jà lórí títì, ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ owó tí wọn ò tíì san padà ló wà nídìí ẹ̀.

Ó wá ku tóògéètì. Lọ́dún 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lekki Concession Company ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún lórí nǹkan bíi kìlómítà 49 nínú ọ̀nà náà. Ẹ̀yin tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà, ó máa tètè yé yín. Láyé àtijọ́, tí bàbá kan bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún olówó ni èlé, àmọ́ gbèsè fúnra rẹ̀ kò yingin, ọjọ́ tí bàbá bá san án ni ọmọ á tó padà wálé. Ọ̀nà Lẹ́kì di ìwọ̀fà lọ́nà kan báyìí: ilé-iṣẹ́ mú owó wá láti fẹ̀ ẹ́ àti láti tún un ṣe, ọ̀nà wá ń fi owó tóògéètì sin wọ́n. Ibi tí òwe náà ti yàtọ̀ ni pé owó tóògéètì yẹn ló yẹ kó san èlé àti gbèsè pọ̀, nígbà tí ọgbọ̀n ọdún bá sì pé, kí ọ̀nà padà wálé láìjẹ gbèsè.

Nǹkan ò lọ bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbowó ní Admiralty, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn tó gbóná. Ohun tó ń bí àwọn ará ibẹ̀ nínú ni pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó orí àwọn ni wọ́n sì fi là á. Èmi gbà pẹ̀lú wọn ní apá kan: ó ṣòro kí èèyàn máa sanwó láti wọ ilé ara rẹ̀. Apá kejì ni pé ẹni tó bá rántí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ kò ní sọ pé iṣẹ́ kankan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2013, afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí, èyí tí wọ́n fi okùn irin fà ró, ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, owó sì wà lórí ìyẹn náà. Lọ́dún 2014, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá ra ẹ̀tọ́ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà padà, ìyẹn ni pé bàbá gba ìwọ̀fà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé wọn ò ṣíwọ́ owó gbígbà. Ta ló wá ń gba owó náà? Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára ògiri. Oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, ni owó gbígbà ní Admiralty dúró, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, nígbà tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi tí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn wà, ju ọ̀rọ̀ títì lọ.

Láti Ajah síwájú, ìtàn mìíràn ni. Afárá Ajah tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 mú kí ìkóríta náà sàn díẹ̀, àmọ́ ohun tó yí ọ̀nà náà padà pátápátá wà níwájú: agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kì, èbúté ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023, àti ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́. Ọ̀nà tí wọ́n là fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ẹlẹ́ja wá di ti táńkà àti tírélà.

Ìdí tí wọ́n fi lo kọnkéré láti Ẹlẹ́kọ lọ sápá Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, kìlómítà 18.75, ọ̀nà ọkọ̀ mẹ́fà, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023. Ọ̀dà máa ń rọ̀ nínú oòrùn, ẹrù wúwo á tẹ̀ ẹ́ wọlé, epo dísẹ́ẹ̀lì tó bá sì ń kán láti abẹ́ táńkà máa ń jẹ ẹ́. Kọnkéré le, kì í jẹ́ kí ẹrù táyà wọ ojú kan ṣoṣo, ó máa ń pín in káàkiri, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Mo dúró wò wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n to irin, ọkọ̀ apo-kọnkéré da tirẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ọkùnrin kan wá fi ìgbálẹ̀ gbọọrọ kan gbá ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Mo rò pé ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Ó ní rárá, ìlà tí ìgbálẹ̀ fà yẹn ni kò ní jẹ́ kí táyà yọ̀ nígbà òjò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ gé e sí ìpín-ìpín. Kọnkéré á là dandan bó bá ń gbẹ, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kó là síbi tí wọ́n fẹ́. Ojú gígé yẹn ló ń dún "kú-kú, kú-kú" lábẹ́ ọkọ̀ yín, kì í ṣe pé ọkọ̀ bàjẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fẹ́ ri páìpù sábẹ́ rẹ̀ lọ́la, ẹkún ni.

Láti Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Ògùn tún tiwọn ṣe dé Ìjẹ̀bú-Òde, kìlómítà 14, wọ́n ṣí i ní oṣù Kínní ọdún 2022. Táńkà tó ń lọ sí Bìní tàbí Ìbàdàn lè gba ibẹ̀ yẹn jáde láìfojú kan Èkó. Wọn kì í fi gbogbo ìgbà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tó ń gbé Ajah mọ̀.

Coastal road wá ńkọ́? Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Èkó sí Calabar ni wọ́n ní yóò dé, nǹkan bíi kìlómítà 700. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, láti Ahmadu Bello Way ní Victoria Island, ìpín àkọ́kọ́ sì parí sí Ẹlẹ́kọ, nǹkan bíi kìlómítà 47. Kọnkéré náà ni. Etí òkun ló ń gbà, Lẹ́kì–Ẹ̀pẹ́ ń gba àárín ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì tí bàbá wọn yàtọ̀. Ìdàrúdàpọ̀ tó tún wà ni pé ìpínlẹ̀ náà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń jẹ́ coastal road lápá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì tún ní Regional Road, tó wà lápá ọ̀sà, láti ẹsíteètì VGC sí Freedom Way ní Lẹ́kì Phase 1. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilẹ̀ tí òun ń tà "dojú kọ coastal", ẹ bi í pé ti ta ni.

Ìbéèrè yẹn lè gba ilé là. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ààlà tí kò gbọdọ̀ sí ilé nínú rẹ̀, ó sì máa ń fẹ̀ ju ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí lọ dáadáa. Ẹni tó ní ọ̀nà ló ń fa ààlà náà, òun náà ló ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn, kó gbé ìwé ìwọnlẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ọ̀nà ìpínlẹ̀ gba orí rẹ̀. Kó má dúró níbẹ̀ o. Kó tún béèrè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde, nítorí ìwé Aláúsá lè mọ́ kedere kí ọ̀nà Àbújá sì gba inú yàrá rẹ̀ kọjá.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá lọ́jọ́ tí mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, T-Junction ni mo dárúkọ, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n wá béèrè pé:

"Èyí tó wà létí òkun yẹn, tó bá parí, ṣé ó máa wọ Ẹ̀pẹ́?"

"Rárá, Ìyá. Etí òkun ló máa gbà lọ sí Ògùn."

"Ẹ wá ń pe ìyẹn náà ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́?"